Láìmù ni àbí sìmẹ́ǹtì? Ohun tó yẹ ká pò mọ́ ògiri ilẹ̀ tó ń dí odò Ògùn

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí yẹ̀pẹ̀. Etí odò Ògùn ni àdúgbò wa wà, lápá ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ọ̀sà. A ní ògiri ilẹ̀ tí a fi ń dí omi. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5, orí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lápá méjèèjì jẹ́ 1 sí 2.5 (bó bá ga ní mítà 1, á fẹ̀ jáde ní mítà 2.5). Lẹ́yìn omi ọdún tó kọjá, nǹkan mẹ́ta la rí: orí ògiri sán, apá kan tó kọjú sódò yọ̀ wálẹ̀ nígbà tí omi ti ń fà, omi sì ń sun lẹ́yìn ògiri, nínú oko ẹ̀fọ́.

Agbaṣẹ́ṣe kan ní ká po sìmẹ́ǹtì mọ́ gbogbo rẹ̀ látìsàlẹ̀ dókè. Òmíràn ní láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe, ló dáa jù. Àwọn onílé kan ní àpò yanrìn ti tó. Owó ọwọ́ wa ò lè ju mítà 100 lọ kí òjò tó dé. Èwo ni ká ṣe?

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Akọ̀wé, nǹkan mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀ yẹn, ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì jọra. Kí ẹ tó ra àpò kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ ń bá jà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí tó sán. Bí ìlà náà bá dà bí àwọ̀n, tó pín ilẹ̀ sí ègé kéékèèké, gbígbẹ ló fà á: ọyẹ́ àti oòrùn ti fa omi kúrò lára amọ̀, amọ̀ sì sún kì. Bí ó bá jẹ́ ìlà gígùn kan tó ń bá etí ògiri lọ, tí apá odò sì relẹ̀ ju apá kejì, kódà kó má ju ìbú ìka kan lọ, ibẹ̀ ti fẹ́ yọ̀ ni. Èyí tó burú jù ni èyí tó dá ògiri ní ìdábùú, láti apá odò dé apá ilé, torí ọ̀nà tààrà ló là fún omi.

Ní ti ibi tó yọ̀, ẹ rántí pé odò Ògùn kì í ṣe Ògùnpa. Omi Ògùnpa tó ya wọ Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹjọ 1980 dé lójijì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ti odò Ògùn máa ń ga díẹ̀díẹ̀, á sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán, tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 1983. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, omi á ti wọ inú ògiri jinlẹ̀. Bí wọ́n bá wá ti ilẹ̀kùn dáàmù, tí odò fà kíákíá, omi inú ògiri ò tíì ráyè jáde. Amọ̀ ti wúwo, omi odò tó ń fẹ̀yìn tì í níta sì ti lọ. Ìgbà yẹn ló máa ń yọ̀, kì í ṣe ìgbà tí omi ga jù. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi máa ń dúpẹ́ tán pé omi ti lọ, kí ògiri tó wó lọ́jọ́ kejì.

Omi tó ń sun lẹ́yìn ní tirẹ̀, abẹ́ ògiri ló ń gbà. Ìpele yanrìn wà lábẹ́ amọ̀ àkùrọ̀ yín, odò fúnra rẹ̀ ló kó o síbẹ̀ láyé àtijọ́. Kò sí láìmù tàbí sìmẹ́ǹtì tí ẹ pò sórí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

* * *

Ọ̀gá Bíríkì

Mo gba apá kan, mi ò gba apá kejì. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ pupa ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, mọ́tò ńláńlá sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Kí ló dé tí ògiri tó kàn ń dí omi ò ní lè jẹ́ bẹ́ẹ̀? Sìmẹ́ǹtì wà ní gbogbo ìsọ̀, ẹnikẹ́ni lè pò ó. Láìmù gidi ṣòro rí. Ẹ po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn látòkè délẹ̀, ká lọ sùn.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí gbogbo ayé rí i.

Ògiri Akọ̀wé: orí mítà 3, gíga 2.5, ìdagẹ̀rẹ̀ 1 sí 2.5 lápá méjèèjì. Tí a bá gé e wò ní ìbú, ojú rẹ̀ tó 23 mítà níbùú lóròó. Mítà 100 gígùn á gba nǹkan bí 2,300 kúbíkì mítà yẹ̀pẹ̀. Kúbíkì mítà kan yẹ̀pẹ̀ pupa tí a tẹ̀ dáadáa máa ń wọn nǹkan bí 1,750 kílò ní gbígbẹ. Ìdá 4 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 70 kílò, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì kan (kílò 50) àti kílò 20 lé. Gbogbo ògiri á gba àpò tó lé ní 3,200. Owó ta ni?

Ká ní owó wà pàápàá, kò dáa. Ilẹ̀ abẹ́ ọ̀nà máa ń le, a sì ti tẹ̀ ẹ́. Abẹ́ ògiri yìí, àbàtà ni. Àbàtà á máa rì fún ọdún púpọ̀, kò sì ní rì dọ́gba. Ògiri tí a po sìmẹ́ǹtì mọ́ látòkè délẹ̀ kì í tẹ̀ bá ilẹ̀ lọ, ó máa ń kán ni, ìdábùú ló sì máa ń kán. Amọ̀ lásán tó tutù díẹ̀ á tẹ̀, á sì tún lẹ̀ pọ̀. Ẹ fẹ́ kí inú ògiri rọ̀ níwọ̀nba, kí ara rẹ̀ le.

Nítorí náà, ara ni kí ẹ pò, ẹ fi inú sílẹ̀. Tí a bá mú okùn kan, ìyẹn ilẹ̀ tóóró tó ń bá gígùn ògiri lọ, fífẹ̀ mítà 1 lápá odò, tí a ń tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele bí ògiri ṣe ń ga, 250 kúbíkì mítà ni fún mítà 100. Àpò 350 ni, dípò 3,200. Torí ìdagẹ̀rẹ̀, ìpele tó fẹ̀ mítà 1 yẹn á fún yín ní èèpo tó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ ní gbogbo ara ògiri. Ìyẹn tó láti kojú ìgbì àti ọkọ̀ ojú omi tó ń gbá a.

* * *

Ọ̀gá Bíríkì

Ìṣirò yẹn dùn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìpele tóóró mítà 1, báwo ni rólà ṣe máa gorí ẹ̀?

* * *

Awarólà

Kì í ṣe òun nìkan ni rólà máa gùn. Ìpele inú àti ìpele ara ni ẹ máa ń gbé sókè pa pọ̀, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ da amọ̀ lásán sáàárín, ẹ da èyí tí ẹ ti po láìmù tàbí sìmẹ́ǹtì mọ́ sí etí odò, kí wọ́n dọ́gba, kí rólà sì gba orí méjèèjì lọ. Ẹ jẹ́ kí ti etí yọ jáde níta díẹ̀, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, torí etí kì í le. Ẹ óò gé e kúrò tẹ́ ẹ bá parí.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìsí sìmẹ́ǹtì lọ rèé:

Típà á da òkìtì gíga, búlúdósà á tẹ́ ẹ, wọ́n á ní ó ti le. Ìpele tí a tú dà ò gbọdọ̀ nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kó lè di 15 lẹ́yìn títẹ̀. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, òkè rẹ̀ á le bí òkúta, ìsàlẹ̀ á rọ̀ bí fùfú, omi á sì mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Rólà alágbá dídán ò yẹ fún amọ̀. Ó máa ń dán ojú ìpele, ìpele tó tẹ̀lé e ò ní lẹ̀ mọ́ ọn, omi á sì máa gba àárín wọn. Rólà ẹlẹ́sẹ̀ àgùntàn ni ti amọ̀. Nígbà àkọ́kọ́ á rì wọlé, bí ilẹ̀ ṣe ń le ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gòkè. Ìgbà 8 sí 10 ló sábà máa ń gbà. Bí ẹ ò bá rí i, tí ti dídán nìkan ló wà, ẹ fi ehín gírédà tàbí ọkọ́ ha ojú ìpele kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ tó da òmíràn. Ẹ máa wa rólà bá gígùn ògiri lọ, ẹ má wà á ní ìdábùú.

Omi inú yẹ̀pẹ̀ ni olórí gbogbo rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́, ẹ fún un. Bó bá ṣù, tẹ́ ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ láti ìwọ̀n àyà, tó sì fọ́ sí ègé ńlá mélòó kan, ó ṣe é tẹ̀. Bó bá fọ́ yángá-yángá, ó gbẹ jù. Bó bá rí pẹlẹbẹ, tí ọwọ́ yín sì tutù, ó ti tutù jù. Bí ilẹ̀ bá ń mì jọ̀lọ̀ lábẹ́ rólà, tó ń lọ sísàlẹ̀ tó tún ń padà wá, ẹ dúró. Bẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ títí dọ̀la, kò ní le. Ẹ tú u, ẹ jẹ́ kí oòrùn fẹ́ sí i.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ Awarólà lé ojú ibi iṣẹ́. Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un: fún ògiri tó ń dí omi, ẹ jẹ́ kí omi inú yẹ̀pẹ̀ lé díẹ̀ lórí iye tí láàbù (ilé àyẹ̀wò yẹ̀pẹ̀) ní ó dáa jù, nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú 100. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà fẹ́ràn kó gbẹ díẹ̀ torí agbára. Àwa fẹ́ kí ó má jò. Amọ̀ tí a tẹ̀ ní gbígbẹ máa ń ní ihò wínníwínní láàárín odindi rẹ̀. Ẹ ní kí láàbù wá wọn ìpele mélòó kan, kó má dín ní ìdá 95 nínú 100 ìwọ̀n tí wọ́n rí ní ilé iṣẹ́ wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò wò nínú iṣẹ́ ẹ̀, ẹ mọ ìdí.

* * *

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o: nínú okùn mítà 1 yẹn, láìmù ni àbí sìmẹ́ǹtì?

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Yẹ̀pẹ̀ tí ẹ ní ló máa sọ.

Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò tó mọ́ gaara tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ da omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀. Yanrìn á balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ìyẹ̀fun tó wà láàárín yanrìn àti amọ̀ á tẹ̀lé e láàárín wákàtí mélòó kan. Amọ̀ ló máa gbẹ̀yìn, ó lè di ọjọ́ kejì. Bí amọ̀ bá pọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́, tí a sì lè yí i bí okùn tín-ín-rín láìjá, láìmù ni tirẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ò lè wọ inú amọ̀ bẹ́ẹ̀: á di kóró-kóró, ìta kóró á le, inú rẹ̀ á ṣì jẹ́ amọ̀. Láìmù máa ń yí amọ̀ fúnra rẹ̀ padà, kó má lẹ̀ mọ́, kó rọrùn láti fọ́, kó má wú mọ́ bó bá mu omi. Bó bá sì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa tó níyanrìn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọwọ́, sìmẹ́ǹtì ìdá 3 sí 5 ló tọ́; láìmù ò ní rí amọ̀ tó pọ̀ tó bá ṣiṣẹ́.

Ìyẹn ni pé amọ̀ dúdú tí ẹ ń wà nínú àkùrọ̀ yín fẹ́ láìmù, yẹ̀pẹ̀ pupa tí típà ń gbé wá láti orí òkè fẹ́ sìmẹ́ǹtì. Àwọn agbaṣẹ́ṣe méjèèjì lè jàre, ó kù sí ibi tí oníkálukú fẹ́ wa yẹ̀pẹ̀.

Ilẹ̀ kan wà tí kò yẹ fún èyíkéyìí: èyí tó dúdú, tó ń rùn, tí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà kún inú rẹ̀. Ohun jíjẹrà inú rẹ̀ ò ní jẹ́ kí láìmù tàbí sìmẹ́ǹtì dì. Ẹ kó o dànù.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ègé yẹ̀pẹ̀ tó tó ẹ̀wà kan, ẹ jù ú sínú ife omi mímọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ó bá wó sílẹ̀ lásán, tí omi ṣì mọ́, kò léwu. Bí èéfín aláwọ̀ amọ̀ bá ń jáde lára rẹ̀, tó ń tàn ká ìsàlẹ̀ ife láàárín wákàtí kan, amọ̀ tó ń yòrò ni. Irú rẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí ihò kékeré di ọ̀nà ńlá ní òru kan. Ẹ má lò ó láìpo láìmù. Ìdá 2 tàbí 3 sábà máa ń pa ìwà yẹn lára rẹ̀.

* * *

Ọ̀gá Bíríkì

Ẹ sọ nípa láìmù ayédèrú o. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní ọjà bíi láìmù, ti oko ni.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Òótọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Láìmù tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ́n sí oko, òkúta lílọ̀ lásán ni, wọn ò sun ún. Kò lè ṣe ohunkóhun fún ògiri. Èyí tí a fẹ́ ni èyí tí wọ́n sun, yálà ó ṣì ń gbóná bí a bá da omi sí i, tàbí èyí tí wọ́n ti da omi sí tó di ìyẹ̀fun funfun. Ẹ bu ṣíbí kan sínú àwo, ẹ da fínígà sí i. Bó bá hó yeye, ti oko ni, tàbí kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ti ba ti ìkọ́lé jẹ́. Bí kò bá hó, tàbí tó hó díẹ̀ péré, ẹ lè rà á. Àpò tó ti ya, tó ti pẹ́ ní ìsọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Iye tó yẹ: ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní ìdá báyìí ló máa ń ṣe. Ẹ wọn gíráàmù 25 yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tí a jọ̀ sínú ìgò márùn-ún, ẹ fi láìmù ìdá 2, 3, 4, 5 àti 6 sí wọn, ẹ da mílílítà 100 omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi (distilled water), sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mì wọ́n fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ní ìṣẹ́jú 10-10 fún wákàtí kan, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ pH, tó ń sọ bí agbára láìmù inú omi ṣe pọ̀ tó, wọ̀n wọ́n. Nínú àwọn ìgò tó dé 12.4, èyí tí láìmù rẹ̀ kéré jù, iye rẹ̀ ni ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Lójú iṣẹ́, ẹ fi ìdá 1 kún un nítorí afẹ́fẹ́ àti àìpò dọ́gba.

Bí ẹ ṣe máa pò ó: ẹ tú amọ̀ sílẹ̀, ẹ fọ́ ọ títí kóró rẹ̀ ò fi ní tóbi ju atàǹpàkò lọ. Fún ìpele sẹ̀ǹtímítà 15, ìdá 4 jẹ́ nǹkan bíi kílò 10 láìmù fún mítà kan níbùú lóròó. Ẹ fi okùn pín ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin, ẹ gbé àpò kalẹ̀ sínú rẹ̀ kí ẹ tó tú u, kí ojú má baà tan yín. Ẹ pò ó, ẹ wọ́n omi, ẹ tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ 1 sí 3. Ẹ óò bá a tó ti di hóró-hóró, kò lẹ̀ mọ́ bàtà mọ́. Ẹ tún un pò, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ dópin. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dópin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á ṣì máa yí padà lábẹ́ rólà, á tú.

Sìmẹ́ǹtì ò ní fún yín láyè yẹn. Láti ìgbà tí omi bá ti kàn án, wákàtí méjì lẹ ní láti pò, tẹ́, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ tán. Fún okùn mítà 1, àpò kan ń lọ fún gígùn mítà 4.75 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Iye tí ẹ lè tẹ̀ tán ṣáájú ìsinmi ọ̀sán ni kí ẹ pò láàárọ̀. Èyí tó bá ti le lórí ilẹ̀, ẹ má da omi sí i kí ẹ tún un lò; ó ti kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àpò tútù tàbí ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ 7, láìmù tàbí sìmẹ́ǹtì. Ọyẹ́ lè gba gbogbo omi ara rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ bàtà gígùn, ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú. Bí láìmù bá bọ́ sójú, omi púpọ̀ lẹ óò fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó máa wá ilé ìwòsàn.

* * *

Ìyá Nọ́sìrì

Ẹ̀yin ọkùnrin ń po sìmẹ́ǹtì, kò sẹ́ni tó dárúkọ koríko. Ògiri tí ẹ fi láìmù bò, koríko ò ní hù lórí rẹ̀. Níbi tí koríko ò bá sí, òjò orí ilé wa níbí, kì í ṣe omi odò, ló máa ha á lójú. Vetiver ni kí ẹ gbìn. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀ gbọnrangandan, mítà 2 sí 3, kì í tàn ká, kì í sì di igbó. Irú rẹ̀ tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa ń hù fúnra rẹ̀ létí odò káàkiri Nàìjíríà.

Ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 20, gbòǹgbò sí 10, ẹ gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 síra, kí ìlà rẹ̀ tẹ́jú gbalaja ní ìdábùú ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹ tún gbin ìlà mìíràn bí ẹ bá ti gòkè tó mítà kan. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, oṣù Kẹrin, ni kí ẹ gbìn ín. Bí omi bá bò ó kó tó pé oṣù mẹ́ta, ọ̀pọ̀ á lọ.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Àǹtí, òdodo lẹ sọ nípa koríko. Ibi tí mo ti yà lọ́dọ̀ yín ni pé vetiver ò lè dípò títẹ̀ ilẹ̀. Ibi tó yọ̀ jinlẹ̀ mítà kan àbọ̀ lè gbé koríko, gbòǹgbò àti gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè ní méjèèjì: lẹ́yìn tí èèpo bá ti pé ọjọ́ 7, ẹ da ilẹ̀ dúdú sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lé e lórí, ẹ gbin koríko tó ń rákò sórí ilẹ̀ yẹn. Vetiver, ẹ gbìn ín sí apá ilé, níbi tí kò sí láìmù, àti sí ẹsẹ̀ ògiri lápá odò. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí màlúù gba ibẹ̀. Ọ̀nà tí pátákò bá là lójú ìdagẹ̀rẹ̀ máa ń di kòtò ní òjò kan ṣoṣo.

* * *

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹnìkan nínú ìpàdé wa ní eérú èèpo ìrẹsì lè dípò sìmẹ́ǹtì, kí owó lè dínkù.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Kò lè dípò rẹ̀, ó lè ràn án lọ́wọ́. Eérú náà ò ní láìmù nínú, nítorí náà òun nìkan ò lè dì. Bí wọ́n bá sun ún dáadáa tó funfun bí eérú, tí kò dúdú bí èédú, ó lè bá láìmù ṣiṣẹ́, kí láìmù tó yẹ kó lọ dín díẹ̀. Láàbù ló máa sọ iye. Eérú igi ìdáná ní tirẹ̀, omi á fọ púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ má fi ògiri dán an wò.

* * *

Awarólà

Àti àpò yanrìn tí àwọn onílé ń sọ? Ẹ dá wọn lóhùn.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Ti pàjáwìrì ni. Ẹ fi yanrìn kún un dé ìdajì tàbí díẹ̀ lé e, kí ó lè tẹ́, ẹ tò ó bí búlọ́ọ̀kù, kí ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́, kí ẹ tẹ ọ̀rá sí apá odò. Ó lè fún yín ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50 lórí ògiri ní alẹ́ kan. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ àpò yẹn láàárín oṣù mélòó kan, yanrìn inú rẹ̀ á sì dà sódò.

Ibi tí àpò yanrìn ti wúlò jù ni ẹ̀yìn ògiri, níbi tí omi ti ń sun. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí omi tó ń sun bá mọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá ń gbé yanrìn jáde, tó ń kó o jọ yí ara rẹ̀ ká bí ẹnu ilé èèrà, inú ilẹ̀ lábẹ́ ògiri ti ń ṣófo. Ẹ MÁ DÍ I. Bí ẹ bá dí i, á jáde níbòmíràn tí ẹ ò rí. Ẹ fi àpò yí i ká, ẹ gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí omi ga nínú rẹ̀ títí tó fi máa mọ́, kí ẹ sì fi ọ̀nà kékeré sílẹ̀ kó máa ṣàn lọ. Ìwúwo omi inú rẹ̀ ló ń dá yanrìn dúró.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbẹ́ kòtò sí ẹsẹ̀ ògiri lápá ilé, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 60, jíjìn mítà 1. Ẹ da ṣáàpù sáǹdì mímọ́ sí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ sáàárín, kí ó ní ibi tó ń ṣàn lọ. Ọ̀nà tí omi máa gbà jáde láìgbé yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹ ń là fún un. Bí owó bá wà, ẹ da ilẹ̀ oníyanrìn lé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri, nípọn mítà kan, fífẹ̀ mítà mélòó kan, kó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Amọ̀ ò yẹ níbẹ̀. Lápá odò la ti ń dá omi dúró, lápá ilé la ti ń jẹ́ kó jáde.

* * *

Ọ̀gá Bíríkì

Mo ti gbà nípa ti ara àti inú. Ó ku páìpù. Onílé kan máa ń fi páìpù gba inú ògiri kọjá láti fi fa omi òjò jáde. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó lè kọ́kọ́ là.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n. Yẹ̀pẹ̀ abẹ́ páìpù ò ṣeé tẹ̀, omi á sì máa bá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹ gbé páìpù gba orí ògiri, kí ẹ̀rọ máa fà á sókè. Bí kò bá sí ọ̀nà míràn, ẹ fi ṣáàpù sáǹdì yí ìdá kan nínú mẹ́ta páìpù náà, èyí tó kẹ́yìn lápá ilé, ká, kí omi tó bá ń yọ́ lọ jáde láìkó yẹ̀pẹ̀.

Òkété, akàn àti ikán náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ihò tí ẹ bá rí, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí ẹnu rẹ̀ lásán. Ẹ gbẹ́ ẹ dé òpin, ẹ da amọ̀ tútù padà ní ìpele kékeré, ẹ fi ìgúnlẹ̀ gún un. Ilé ikán, ẹ wá yàrá ìsàlẹ̀ níbi tí ìyá wọn wà. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, wọ́n á padà.

* * *

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ jẹ́ n ka ohun tó yé mi, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta la máa ṣiṣẹ́. Ibi tó yọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ pupa la máa rà, ká po sìmẹ́ǹtì ìdá 4 mọ́ okùn mítà 1 lápá odò. Lẹ́yìn náà, kòtò ẹ̀yìn.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Ẹ ṣe kòtò ẹ̀yìn ṣáájú. Bí owó bá tán láàárín iṣẹ́, ó sàn kí ẹsẹ̀ ògiri wà láàbò.

Ní ti ibi tó yọ̀, ẹ kó gbogbo ilẹ̀ tó yọ̀ kúrò, kí ẹ gbẹ́ kọjá ojú ibi tó ti yọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50. Ojú yẹn máa ń dán, ó máa ń rọ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lábẹ́, ibẹ̀ náà ló tún máa yọ̀. Ẹ gé ẹ̀yìn rẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kí ìpele tuntun lè gbá ti àtijọ́ mú. Ẹ má da yẹ̀pẹ̀ sórí koríko àti ìdagẹ̀rẹ̀ lásán, ìgbà gbogbo ló ń yọ̀. Amọ̀ tí ẹ kó jáde yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí: ẹ fi láìmù tún un ṣe, kí ẹ dá a padà. Lórí ògiri odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ ibi tó yọ̀ ṣe. Yẹ̀pẹ̀ pupa tí ẹ máa rà á dínkù, owó típà á dínkù.

Orí ògiri, ẹ po ìpele tó kẹ́yìn náà, sẹ̀ǹtímítà 15, kí ó má baà tún sán, kí ó sì tẹ̀ díẹ̀ sí apá odò kí omi òjò má dúró lórí rẹ̀.

* * *

Ìyá Nọ́sìrì

Àwọn ará ìhà kejì odò ńkọ́? Bí ẹ bá gbé tiyín sókè, omi á wá sọ́dọ̀ wọn.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Ìbéèrè tó yẹ kí ó kọ́kọ́ wáyé nìyẹn, àǹtí. Ohun tí a ń sọ níbí ni kí ògiri tó wà le sí i ní ìwọ̀n gíga tó wà. Ẹ má fi mítà kan kún un, ẹ má sì gbé e sún mọ́ odò, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ àti àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun. Odò Ògùn nílò àyè rẹ̀. Bí gbogbo ẹ̀sítéètì létí rẹ̀ bá ń mọ ògiri gíga sí i, omi ò ní dín. Á kàn ga sí i fún gbogbo wọn, ẹni tí kò lówó ògiri á sì rì.

* * *

Akọ̀wé Àdúgbò

A ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Bàbá kan ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti igi máńgòrò méjì lórí ògiri, wọ́n ní gbòǹgbò rẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú.

* * *

Yẹ̀pẹ̀ Pupa

Ẹ bá Bàbá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì san owó igi fún wọn nínú owó iṣẹ́. Gbòǹgbò máńgòrò ń di ilẹ̀ mú nígbà tó bá wà láàyè. Bí ìjì bá fà á tu nígbà tí odò kún, á gbé òkìtì ògiri dání. Bí ẹ bá gé e tí ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀, á jẹrà, á sì di ihò gígùn láti apá kan dé èkejì. Nítorí náà ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí dé gbòǹgbò tó tó atàǹpàkò, kí ẹ tẹ amọ̀ padà sí kòtò rẹ̀ ní ìpele sẹ̀ǹtímítà 15. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọrùn: ẹ bá Bàbá kó ọmọ rẹ̀ lọ gbìn sí ẹ̀yìn ògiri, ó kéré tán mítà 5 sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kọjá kòtò tí ẹ gbẹ́.